Ìwé Tí A Ṣe Kó Lè Jẹrà

Ọmọ méjì ni àbúrò ìyá mi bí sí Minna. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ilé wọn ní Sabon Gari, mo pè wọ́n kí wọ́n wá jókòó tì mí, mo ní kí wọ́n sọ orúkọ tíṣà wọn fún mi. Wọ́n wo ara wọn. Èyí ẹ̀gbọ́n fi Haúsá dá mi lóhùn, àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wọn pariwo láti ilé ìdáná:

"Ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn! Ṣé Yorùbá kọ́ ló sọ sí yín ni?"

Ọmọ náà ní, "Màmá, èyí kì í ṣe Yorùbá tiwa."

Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Sábẹ ni mo ti wá, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé, tí a sì ń sọ Faransé nílé ìwé. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo ń tu ara mi nínú pé bó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi náà ni mò ń lọ. Mo dé tán, mo rí i pé Haúsá ni gbogbo ọjà ń sọ, àti pé àwọn ará ilé mi gan-an ní láti tẹ́tí kí wọ́n tó gbọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá wọ kẹ̀kẹ́, mo sọ "mẹ̀sí," ìyẹn ẹ ṣé lédè Faransé, fún awakọ̀ bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Me kika ce?" ó ń bi mí pé kí ni mo wí. Mo tún un sọ. Ó rò pé ibòmíràn ni mo ní kó gbé mi lọ, ó ní kí n padà wọlé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń mi orí bí odi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Súlè, ìyẹn àbúrò ìyá mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fara balẹ̀. Èmi náà, lọ́dún àkọ́kọ́, ẹkún ni mo fi ń ra ata."

Iṣẹ́ ló gbé mi wá. Bàbá mi ni ó ń di ìwé ní Sábẹ. Àlùkùránì àwọn àlùfáà, ìwé orin àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ilé ìwé tó ti fàya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Kò bí ọkùnrin, nítorí náà èmi ni ó kọ́ ní iṣẹ́ náà. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti mọ bí a ṣe ń rán ẹ̀yìn ìwé, bí a ṣe ń gé etí rẹ̀ kó dọ́gba, bí a ṣe ń se gọ́ọ̀mù láfún tí kò ní kóra jọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àlùkùránì lórí fóònù. Ìwé tó bá ya, wọ́n á ra òmíràn. Ọjọ́ kan wà tí èmi àti bàbá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yà sí wa, àyàfi ewúrẹ́ kan. Mo ti kúrò nílé ọkọ nígbà náà, ọmọ mi Àdùkẹ́ sì ti pé ọdún mẹ́jọ. Ìyá Súlè ló ránṣẹ́ pé obìnrin kan ní Minna ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ bébà.

Bàbá mi bi mí pé, "Ṣé ìwé ni wọ́n ń dì níbẹ̀?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ìwé ni, Bàbá."

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi Àdùkẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun àti ìyá mi.

Ìpara ni Alhaja tí mo wá bá ṣiṣẹ́ ń ṣe, ní ilé kan tó wà ní Soje. Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí, Haúsá sì wà nínú Yorùbá rẹ̀ bí òkúta nínú ẹ̀wà. Òrí ni ó fi ń ṣe ìpara náà. Ó máa ń pò ó pọ̀ mọ́ àwọn òróró olóòórùn dídùn, á sì dà á sínú agolo ike. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Abuja sọ fún un pé òun fẹ́ràn ìpara rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n òun kò gba ohun tó bá wà nínú ike mọ́. Bébà ni kó wà nínú rẹ̀, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá lò ó tán tí wọ́n sọ ọ́ nù, kó lè jẹrà.

Iṣẹ́ wa nìyẹn. A ó gé bébà aláwọ̀ ilẹ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi gọ́ọ̀mù ra á, a ó ká a mọ́ igi roboto kan tí káfíńtà gbẹ́ fún wa, ní ìlọ́po méje. A ó fà á yọ, a ó sá a síbi tí kò sí oòrùn. Bó bá gbẹ tán, a ó gé e, a ó fi ìdí sí i, a ó ṣe ìdérí fún un. Àwa obìnrin mẹ́rin ni. Èyí tó sún mọ́ mi jù ni Talatu, ọmọ Gbagyi, tó ń gbé omi sí èjìká dípò orí, tí kò sì gbọ́ Yorùbá kankan. Òun ló kọ́ mi ní Haúsá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni "na gaji."

Ó túmọ̀ sí pé ó ti rẹ̀ mí.

Ó sì rẹ̀ mí lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àárẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè yàtọ̀ sí ti ilé. Nílé, iṣẹ́ ló ń rẹ èèyàn. Níbí, kí n tó dé ibi iṣẹ́ ni ó ti ń rẹ̀ mí, nítorí mo ti fi orí ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà. Bí mo bá fẹ́ ra ọṣẹ, mo ní láti kọ́kọ́ ro ohun tí n ó wí. Bí mo bá fẹ́ kí àgbàlagbà, mo ń kúnlẹ̀ níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀, wọ́n á ní "haba," wọ́n á gbé mi dìde. Àwọn ìka mi wú, gọ́ọ̀mù gbẹ sí abẹ́ èékánná mi. Alhaja kò sì pè mí lórúkọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. "Ará Kútọnu" ni ó ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi, mo lọ kí aláìsàn. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: ní ilẹ̀ òkèèrè, orúkọ ibi tí èèyàn kò gbé rí ni wọ́n lè fi máa pè é, yóò sì máa jẹ́ ẹ.

Gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ni mo máa ń pe ilé. Bàbá mi á kọ́kọ́ gba fóònù.

"Irú ìwé wo lẹ ń dì báyìí?"

"Oríṣiríṣi ni, Bàbá."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Òwú ni ẹ fi ń rán an àbí gọ́ọ̀mù lásán?"

"Gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò níbí."

Á pòṣé. Á ní, "Kò ní tọ́jọ́."

Mo lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn, n kò sọ. Bàbá mi gbà pé ohun tí Ọlọ́run dá bébà fún ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá rí ẹni tó fi ewé ìwé pọ́n ẹ̀pà, ojú rẹ̀ á bàjẹ́ fún ọjọ́ náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé iṣẹ́ tó fi ogójì ọdún mọ̀, tó kọ́ mi láti kékeré, ìpara ni mò ń fi dì?

Mo ti lo oṣù mẹ́rin ní Minna nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá a wó. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà tí ìyá mi pè. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Mo ní mò ń bọ̀. Ìyá mi ní, "Bọ̀ wá ṣe kí ni? Tí o bá wá, kí la ó fi ra oògùn?" Mo jókòó sórí páálí. Talatu mú ìpín bébà tèmi, ó ká a kún tirẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá pe bàbá mi, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó bu omi sẹ́nu. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá mi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Àdùkẹ́ nìkan ló gbọ́ ọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọmọ mi wá di ẹni tó ń dúró láàárín wa. Bàbá á sọ̀rọ̀, òun á ní, "Ó ní ṣé o jẹun?" Èmi á dáhùn. Bàbá á tún sọ̀rọ̀. "Ó ní kí o má fi ojú oorun gé bébà." Kì í sọ tirẹ̀ mọ́. Bí mo bá ní, "Àdùkẹ́, ìwọ ńkọ́?" á ní, "Mo wà," á sì gbé fóònù padà sí etí bàbá mi.

Lẹ́yìn náà ni ooru dé. Ẹni tó bá mọ Minna kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n: àpáta á gbóná, páànù á máa dún, afẹ́fẹ́ tó bá sì fẹ́ á dà bí èyí tó ti ẹnu ààrò jáde. Òrí kò fẹ́ràn irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ó yọ́ nínú àwọn agolo wa, ó sì rin bébà jáde. Obìnrin Abuja dá páálí mẹ́fà padà. Nígbà tí a tú wọn, òróró ti rin ìdí wọn dúdú, orúkọ tí a tẹ̀ sí ara wọn ti ràn bí omijé.

Alhaja dúró tì wọ́n pẹ́. Ó ní, "Kai. Gbogbo wàhálà yìí."

Ó pe àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi Haúsá sọ ọ́, ó tún fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi: òun ti bá obìnrin Abuja náà sọ̀rọ̀, òun ti bẹ̀ ẹ́, ó sì fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí òróró bá ṣì ń jò, òun á padà sí ike, òun á sì wá oníbàárà mìíràn.

"Ike kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ ká," ni ó fi parí rẹ̀.

Ó yé wa pé iṣẹ́ wa yóò bọ́. Ọkọ Talatu ti kú, ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́. Èmi ní oògùn bàbá mi láti máa rà.

Mo sọ pé kí a fi ìda ra inú rẹ̀. A yọ́ ìda, a rọ ọ́ sí i, a gbé e sínú oòrùn. Nígbà tí òrí gbóná, ìda náà rọ̀, ó ṣí kúrò lára bébà, ó léfòó nínú ìpara bí èérún. A gbìyànjú bébà tó nípọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jò, ṣùgbọ́n ó jò. Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Mo mọ ẹnì kan tó lè mọ̀ ọ́n, mo sì ń sá fún un.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí àwọn yòókù lọ kírun, mo jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé, mo pe Sábẹ.

Mo ní, "Àdùkẹ́, gbé e sí etí Bàbá." Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ bèèrè nǹkan iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí n tó bèèrè, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ìwé ni mò ń dì níbí. Agolo ni mò ń fi bébà ṣe. Agolo ìpara. Bí àwọn obìnrin bá fi pa ara tán, wọ́n á jù ú nù, òjò á rọ̀ sí i, á jẹrà, á di ilẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nìyẹn."

Àdùkẹ́ ní, "Màámi, kò tíì sọ̀rọ̀ o."

Lẹ́yìn náà ni Bàbá sọ̀rọ̀, ó gùn, ó wúwo. Àdùkẹ́ wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní ogójì ọdún ni òun fi ṣiṣẹ́ kí ìwé má baà bàjẹ́. Ó ní wọ́n wá gbé iṣẹ́ fún ọ kó lè bàjẹ́."

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀ tí kò yé mi.

"Kí ló ń ṣe Bàbá?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ẹ̀rín ni, àbí ó ń sunkún?"

"Ẹ̀rín ni. Apá kan ẹnu rẹ̀ ló fi ń rín in." Ó tún gbọ́ ohun kan. "Ó ní kí lo fẹ́ bèèrè?"

Omi ti ń dà lójú mi. Mo ní, "Sọ fún un pé òróró ń la bébà kọjá."

Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Mo ń gbọ́ Àdùkẹ́ tó ń ní, "Ẹ tún un sọ, Bàbá. Oje kí ni?" Nígbà tó yá, ó wá to ọ̀rọ̀ náà fún mi bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Oje igi tí àwọn àlùfáà ń pò mọ́ tàdáwà ìkọ̀wé wọn kó lè mú ara pátákó wàláà. Kí n rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Kí n sẹ́ ẹ. Kí n fi ra inú agolo lẹ́yìn tí mo bá ti ká a tán, torí bí mo bá ra á kí n tó ká a, á sán. Kí n jẹ́ kó gbẹ, kí n tún ra á. Bó bá ṣì ń sán, kí n fi oyin sí i.

"Ó ní oyin díẹ̀ o," ni Àdùkẹ́ wí. "Ó ní kí èèrà má baà di oníbàárà yín."

Káró ni Haúsá ń pe oje náà. Talatu mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ọkùnrin arúgbó tó tà á fún wa wò mí, ó bi Talatu pé ṣé aya àlùfáà ni mí. Talatu ní rárá, bàbá mi ni àlùfáà bébà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ gbogbo gbólóhùn Haúsá kan láìsí pé mo ń wá a kiri.

Agolo àkọ́kọ́ sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. A fi oyin sí èyí tó kù, ó pọ̀ jù, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. A dín in kù. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, a rọ òrí sí agolo mẹ́ta, a dé wọn, a gbé wọn lé bébà funfun, a sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí páànù ilé ìgbọ́nsẹ̀ ní ọ̀sán gangan. A lọ jókòó. Kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́. Alhaja náà jáde wá, ó ń ka tẹ́sùbáà rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló wá gbà.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Talatu gun àga, ó sọ wọ́n kalẹ̀. Òrí inú wọn ti di omi. Alhaja gbé ọ̀kan, ó wo ìdí rẹ̀, ó fi nu ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé ìkejì. Ó gbé ìkẹta. Bébà funfun tó wà lábẹ́ wọn gbẹ furúfurú.

Kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Madalla," ìyẹn ni pé ó dára púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wò mí, ó pè mí lórúkọ. Orúkọ mi gan-an, bí ìyá mi ṣe ń pè é. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ kí n lọ fọ abọ́ gọ́ọ̀mù," mo sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró síbẹ̀ títí ara mi fi balẹ̀.

Obìnrin Abuja gba ọjà náà. Ó ní òun fẹ́ sí i. Alhaja fi mí ṣe olórí ibi tí a ti ń ra inú agolo, ó gba obìnrin méjì mìíràn kún wa. Ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tún mú kí iṣẹ́ pọ̀ sí i. Àárẹ̀ tó wà lára mi kò lọ, ó kàn ti ní orúkọ tó sàn díẹ̀ ni. Mo ti rí ilé kan ní Tunga Low Cost, yàrá kan àti pálọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé n ó mú Àdùkẹ́ wá.

Nígbà Iléyá, mo lọ sílé. Mo bá bàbá mi lórí ẹní níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù. Mo gbé agolo kan lé e lọ́wọ́ òsì. Kò ṣí i wò. Ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀lé ibi tí etí bébà ti pàdé, ó sì sọ nǹkan kan.

Àdùkẹ́, tó ti ga tó èjìká ìyá mi, ní, "Ó ní ibí yìí kò dọ́gba."

Òótọ́ ni. Kò dọ́gba.

Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ fún Àdùkẹ́ pé kó lọ di ẹrù rẹ̀. Mo sọ fún un nípa ilé ìwé tó wà nítòsí ilé tuntun náà, nípa àwọn ọmọ Ìyá Súlè tí wọn yóò jọ máa ṣeré. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún, kò sì ṣe agídí. Ó béèrè nǹkan kan ṣoṣo.

"Màámi, ta ni yóò máa túmọ̀ Bàbá?"

Mo wo ìyá mi, ó gbójú sílẹ̀. Mo wo bàbá mi. Ó ń sọ̀rọ̀ sí Àdùkẹ́, ohùn rẹ̀ le díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì tì í lọ sọ́dọ̀ mi.

"Kí ló ní?" ni mo bi í.

Àdùkẹ́ fi ọwọ́ pa etí aṣọ rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo mọ̀ pé kò túmọ̀ ohun tí bàbá mi sọ.

Ó ní, "Kò sọ nǹkan kan."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo padà dé Minna, èmi nìkan; Àdùkẹ́ dúró ti bàbá mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà ní Soje kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Talatu dé, ó kí mi kú ìrìn, ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wo ẹnu ọ̀nà.

"Ina yarinyar?" Ọmọbìnrin náà dà?

Mo fi Haúsá dá a lóhùn. N kò wá ọ̀rọ̀ náà kiri.

Mo ní, "Tana aiki." Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Talatu sún abọ́ káró sí àárín àwa méjèèjì, a sì bẹ̀rẹ̀.